Oṣù kẹjọ la fi rin igbó àti òkè tó yí Àkúrẹ́ ká

Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Àkúrẹ́ máa ń dúró de Kérésì tàbí Àjíǹde kí wọ́n tó ronú kan Òkè Ìdànrè. Èmi ò sí lára wọn. Bí Kérésì bá fi máa dé, ọyẹ́ ti dà bo ojú ọ̀run, àpáta ti gbẹ, èrò sì pọ̀ débi pé ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú yín lẹ máa wò títí ẹ ó fi dókè. Oṣù kẹjọ ló wù mí jù. Òjò a máa dáwọ́ dúró díẹ̀, oòrùn kì í mú, ilẹ̀ ṣì tutù. Àwọn ọmọ náà wà nílé nígbà yẹn. Àwọn ọmọ mi méjèèjì, àti ọmọ àbúrò mi tó wá lo ìsinmi láti Èkó, kì í gbé ojú kúrò lára fóònù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ni mo bá ní kí wọ́n wọ bàtà, ká jáde.

Ibi tó sún mọ́ wa jù la kọ́kọ́ lọ: ọgbà ẹranko inú FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́, èyí tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n T. A. Afọláyan pè. Kò tóbi tó ti Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ má sì retí rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Igbó ni wọ́n fi sílẹ̀ láàárín ilé ẹ̀kọ́, àwọn ọ̀bọ sì ń gbé inú rẹ̀ láìsí ẹni tó dè wọ́n mọ́lẹ̀. Ohun tó ṣòro níbẹ̀ ò ju pé kéèyàn dákẹ́. Bí àwọn ọmọ ṣe ń pariwo lọ, a ò rí nǹkan kan. Ìgbà tí mo ní kí wọ́n jókòó, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀, la gbọ́ tí ẹ̀ka igi ń já lókè. Ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀, ó dúró lórí ẹ̀ka, ó ń wò wá. Ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ikùn rẹ̀ funfun, àmì funfun méjì sì wà níbi ìdí ìrù rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Àmì yẹn lẹ ó fi mọ irú ọ̀bọ tí wọ́n ń pè ní mona.

Lẹ́yìn ìyẹn, a gba títì Oǹdó lọ sí igbó ìjọba tó wà lápá Apọnmu. Kí n tètè sọ ọ́: ẹ má dá wọ igbó yìí o. Ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé kì í ṣe àwàdà nípìnlẹ̀ wa. Ẹ lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ igbó ìjọba, kí ẹ gbàṣẹ, kí ẹ sì mú ẹ̀ṣọ́ tó mọ ọ̀nà dání. Báwa náà ṣe ṣe nìyẹn, a ò sì jìnnà wọlé.

Láyé àwọn òyìnbó amúnisìn ni wọ́n ti ya igbó náà sọ́tọ̀. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Queen's Plot, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fi àáké kan igi níbẹ̀. Níbòmíràn, wọ́n ti gé igi àtijọ́, wọ́n sì gbin tíìkì àti Gmelina, àwọn igi gẹdú tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ òkèèrè, dípò rẹ̀. Wọ́n á gba àgbẹ̀ láyè kó gbin iṣu àti àgbàdo sáàárín àwọn igi kéékèèké náà, títí igi á fi ga, tí òjìji rẹ̀ á fi lé e jáde. Ọmọ mi obìnrin ló kọ́kọ́ rí ìyàtọ̀ rẹ̀. Ó ní, “Mọ́mì, àwọn igi yìí tò sórí ìlà bí ọmọ iléèwé.” Òótọ́ ló sọ, ibẹ̀ sì dákẹ́, ẹyẹ ò pọ̀ níbẹ̀. Nígbà tá a dé ìdí arère kan tí gbòǹgbò rẹ̀ yọ síta tó ga ju èmi lọ, ariwo ẹyẹ ló gba gbogbo òkè. Àwọn onígẹdú fẹ́ràn irú igi bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣọ̀wọ́n.

Bá a ṣe ń darí bọ̀, wọ́n gbé ọ̀yà gbígbẹ kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọmọ Èkó bi mí bóyá inú igbó tá a ti ń bọ̀ ni wọ́n ti pa á. Mo ní kó jẹ́ ká máa lọ sílé.

Ìdànrè la wá lo ọjọ́ kan odindi fún. Kò jìnnà, kò tó wákàtí kan láti Àkúrẹ́, kí ẹ gba Òkè Àró jáde. Ní Odòde, ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè, ẹ ó san owó ìwọlé, wọn á sì fún yín lẹ́ni tó máa mú yín yíká. Bàbá àgbàlagbà kan ló bọ́ sí wa lọ́wọ́. Àtẹ̀gùn náà lé ní 600. Ọmọkùnrin mi sáré mú un, Bàbá sì ké sí i pé, “Rọra, ọmọ mi. Òkè ò níí ṣí lọ kó o tó dé.” Òun fúnra rẹ̀ ò yára, kò sì dúró pẹ́ níbì kankan. Bá a ṣe ṣe bíi tiẹ̀, tá a ń fẹ̀yìn tì díẹ̀ lábẹ́ àwọn àtíbàbà ìsinmi, gbogbo wa la débẹ̀ láìsí ẹni tó dá wa padà.

Lókè ni ìlú àtijọ́ wà. Orí òkè yìí làwọn ará Ìdànrè gbé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó ṣí wálẹ̀. A rí àfin Ọ̀wá àtijọ́, a rí ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́, a sì dé ibi ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn, ojú ẹsẹ̀ kan tó wà lára àpáta. Wọ́n ní ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn ló ń bá a mu, àyàfi ti àjẹ́. Àwọn ọmọ mi ń du ẹni tó máa kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ sí i. Ọmọ àbúrò mi ní bàtà òun ò ṣeé bọ́. Láti 2007 ni Òkè Ìdànrè ti wà lórí ìwé ìdúródè UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, ìyẹn ìwé orúkọ àwọn ibi tó ń dúró de kí wọ́n kà wọ́n mọ́ ogún àgbáyé.

Ohun tó mú mi yan àsìkò òjò gan-an ni ọ̀pọ̀lọ́. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà, Sclerophrys perreti, tí wọn ò mọ̀ níbòmíràn láyé ju orí àpáta Ìdànrè lọ. Ní 1963 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé ìmọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀pọ̀ ọdún kọjá táwọn onímọ̀ ò fojú kàn án, àfi ìgbà tó di 2013 tí wọ́n tún rí i. Légbélégbé rẹ̀ kì í gbé inú adágún. Orí àpáta tí omi ń ṣàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé lórí ló ti ń dàgbà. Mo bi Bàbá, ó rẹ́rìn-ín, ó mú wa lọ síbi àpáta dúdú kan tí omi ń sun lára rẹ̀. Ó ní, “Ẹ bẹ̀rẹ̀ dáadáa.” A bẹ̀rẹ̀. Ohun dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta kan lẹ̀ mọ́ àpáta, omi náà ò jìn tó láti bo ẹ̀yìn wọn. Ọmọ àbúrò mi na ìka sí ọ̀kan, ó ta ìrù, ó ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tún lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fẹ́ rọ ọ́ sínú ìgò omi rẹ̀ gbé relé. Bàbá kọ̀, èmi náà kọ̀.

Ọ̀nà àbọ̀ ló ń dun orúnkún, kì í ṣe ọ̀nà àlọ. Àtẹ̀gùn tí òjò bá rọ̀ sí a máa yọ̀, nítorí náà bàtà tó ní eyín lábẹ́ ni kẹ́ ẹ wọ̀, sílípáàsì ò ṣeé wọ̀ níbẹ̀. Ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì ti dé ẹnu ọ̀nà kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Ẹ mú omi tó pọ̀ àti owó kéékèèké dání, ẹ sì fún ẹni tó mú yín yíká ní nǹkan tó jọjú. Iyán wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ ẹ́ kẹ́ ẹ tó gòkè.