Bí A Ṣe Ń Ka Ìtàn Iṣẹ́ Aṣojú Ṣáínà Kí A Tó Pè É Wá sí Èkìtì

Bí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ààfin kan ní Èkìtì bá ń gbèrò láti pe aṣojú ìjọba Ṣáínà síbi ayẹyẹ, kí akọ̀wé kọ́kọ́ wádìí irú ẹni tí ó fẹ́ kọ̀wé sí, nítorí pé ipò òṣìṣẹ́ náà àti ọ̀nà tí ó gbà dé ibẹ̀ ni yóò fi ohun tí ó lè ṣe fún ìlú hàn. Lẹ́tà tí ó bá lọ sí ọ́fíìsì tí ọ̀rọ̀ kò kàn, inú fáìlì ni yóò sùn sí.

Aṣojú àgbà wà ní Àbújá. Ààrẹ Nàìjíríà ni ó ń gba ìwé ẹ̀rí tí ó fi hàn pé ìjọba rẹ̀ ni ó rán an lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìjọba sí ìjọba sì ni iṣẹ́ rẹ̀, láti ìgbà tí orílẹ̀-èdè méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ àjọṣe ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì ọdún 1971. Kọ́ńsúlù àgbà wà ní Èkó, níbi tí ó ti ń mójú tó àwọn ọmọ Ṣáínà tí wọ́n ń gbé lágbègbè wa, ọ̀rọ̀ físà àti ìbáṣepọ̀ òwò. Ní tèmi, Èkó ni ó yẹ kí ọ̀pọ̀ lẹ́tà wa lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ipò. Òfin tí Ṣáínà ṣe ní ọdún 2009 fún àwọn aṣojú rẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè to ipò wọn sí méje: atáṣé ni ó kéré jù, akọ̀wé kẹta, akọ̀wé kejì àti akọ̀wé kìn-ín-ní tẹ̀lé e, kí ó tó kan olùdámọ̀ràn, mínísítà àti aṣojú àgbà. Mínísítà yìí kì í ṣe ọmọ ìgbìmọ̀ ìjọba. Ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ètò.

Ìtàn iṣẹ́ ni ó ṣe pàtàkì jù, ojú òpó ayélujára ilé-iṣẹ́ aṣojú sì máa ń gbé ti aṣojú àgbà síta. Ẹ wo Wang Yi, ọ̀kan nínú àwọn aṣojú Ṣáínà: èdè Japan ni ó kọ́ ní yunifásítì, ó wọ iṣẹ́ ní ọdún 1982, ó ṣe olùdámọ̀ràn ní Tokyo, ó padà síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aṣojú àgbà láti ọdún 2004 sí 2007, kí ó tó di mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní ọdún 2013, èyí tí í ṣe ipò nínú ìgbìmọ̀ ìjọba ní tòótọ́. Èdè tí òṣìṣẹ́ kọ́ kí ó tó wọ iṣẹ́ lè darí iṣẹ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, bí ẹni tí ẹ fẹ́ pè bá ti sìn ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn rí, ẹ lè sọ ọ̀rọ̀ oko ìrẹsì Ìgbẹmọ fún un ní ṣókí. Bí Yúróòpù nìkan ni ó ti sìn, ẹ ṣàlàyé ohun gbogbo láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi àwòrán tì í lẹ́yìn.

Nínú ìwé ètò, orúkọ ìdílé ni àwọn ará Ṣáínà ń kọ ṣáájú. Ọ̀gbẹ́ni Wang ni ẹ ó pè é, kì í ṣe Ọ̀gbẹ́ni Yi. Àsíá wọn pupa, ìràwọ̀ ńlá kan àti kéékèèké mẹ́rin sì wà ní igun òkè, lápá ọ̀pá. Ẹ rí i pé ẹni tí ó ta á kò dorí rẹ̀ kodò. Kí akọ̀wé ààfin jíròrò pẹ̀lú òṣìṣẹ́ wọn ṣáájú ọjọ́ náà nípa bí àlejò yóò ṣe kí Kábíyèsí, kí ẹnikẹ́ni má baà pàṣẹ ìdọ̀bálẹ̀ fún un lójú agbo.

Bí ọdún díẹ̀ bá ti kọjá, wọn a gbé òṣìṣẹ́ náà lọ síbòmíràn. Ipò ni kí ẹ kọ lẹ́tà sí, kí orúkọ tẹ̀lé e, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì gómìnà ní Adó-Èkìtì ní ọjọ́ kan náà.