Bí mo ṣe kọ́ dráífà káàdì SD láti béèrè iná tó tó

Bí ẹ bá ń ka fáìlì kéékèèké lórí káàdì SD inú bọ́ọ̀dù Linux tí mo ń bá ṣiṣẹ́, kò níṣòro kankan. Ẹ ní kó gba fáìlì ńlá wò: kíá, dmesg, àkọsílẹ̀ ohun tí kernel (ọkàn Linux) ń sọ, á kún fún error -110 àti -84. Ti àkọ́kọ́ ni pé káàdì ò dáhùn lásìkò, ti èkejì ni pé CRC dátà, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bàjẹ́, ò bára mu. Clock (ìyára àmì) tàbí tuning (ṣíṣètò àsìkò tí a ń ka àmì) ni ọ̀pọ̀ èèyàn á kọ́kọ́ fura sí. Èmi lọ wo iná ná, torí ìgbà tí káàdì bá ń kọ nǹkan sílẹ̀ ló máa ń fa iná jù.

Fáìlì tó ń tú àṣírí gbogbo regulator, ìyẹn àwọn ẹ̀yà tó ń ṣètò fólítì, ni /sys/kernel/debug/regulator/regulator_summary. Lórí ìlà LDO (irú regulator kan) tó ń bọ́ vmmc, ìyẹn iná káàdì fúnra rẹ̀, idle (ìsinmi) ló wà lábẹ́ opmode, ìyẹn ipò tí regulator wà. regulator-initial-mode tó wà nínú DTS, fáìlì tó ń ṣàpèjúwe bọ́ọ̀dù fún kernel, ló fi í síbẹ̀, kó má baà fi iná ṣòfò. Dráífà wa, kóòdù tó ń darí káàdì, ò sì sọ fún un rí pé ẹnì kan fẹ́ fa iná púpọ̀. Bí ẹrù (àpapọ̀ iná tí wọ́n ń fà) orí LDO yìí ò bá tó 10,000 µA, kò ní kúrò ní ipò ìsinmi yẹn. Fólítì á pé níbẹ̀ o, àfi ìgbà tí káàdì bá fa iná lójijì, tí yóò já wálẹ̀.

Kóòdù C rẹ̀ ò pọ̀. Nígbà tí mmc_regulator_get_supply ti ṣe tirẹ̀ tán nínú probe (ibi tí dráífà ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́), mo pe regulator_set_load, tó ń sọ iye iná tí a fẹ́ fà, lórí mmc->supply.vmmc àti mmc->supply.vqmmc. Ẹ kọ́kọ́ fi IS_ERR yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, torí bọ́ọ̀dù mìíràn ò ní vqmmc rárá. Mo fún vmmc ní 800000 µA. Mi ò ṣàdédé mú un: 2.88 W ni òkè agbára tí ìlànà SD fún káàdì UHS-I (irú káàdì SD tó yára), ẹ pín in sí 3.6 V, 800 mA ló kù. Wáyà àmì nìkan ni vqmmc ń bọ́, nítorí náà 22000 µA tó o. Mi ò dá a padà sí òdo nígbà tí iná bá kú, torí kernel kì í ka ẹrù ẹni tí kò tan regulator.

Mo kọ́ kernel, mo tún bọ́ọ̀dù tàn, mo padà sí regulator_summary. 800mA ti wà lórúkọ káàdì wa. Opmode ńkọ́? Idle náà ni! Bẹ́ẹ̀ regulator_set_load dá 0 padà, bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ ti yanjú.

Inú drms_uA_update, iṣẹ́ inú kernel tí regulator_set_load ń pè, ni ọ̀rọ̀ wà. Bí DTS ò bá fún regulator láyè, iṣẹ́ yẹn á kàn dá 0 padà, kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Àlàyé wà nínú kóòdù pé ṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń sọ fún ẹni tó pè é pé kò séwu. Lójú tèmi, kò dáa tó, ṣùgbọ́n bó ṣe wà nìyẹn. Mo fi regulator-allow-set-load kún DTS, mo sì to ipò méjèèjì, idle àti normal, sí regulator-allowed-modes. Láìsí ìkejì yìí, kernel á kọ̀ láti pààrọ̀ ipò. Opmode wá di normal. Mo fi dd, àṣẹ ìdàkọ Linux, kọ fáìlì ńlá léraléra, dmesg ò sọ nǹkan kan mọ́.

LDO tó ń bọ́ vqmmc ni mi ò fún láyè yẹn. Ṣíìpù mìíràn ń jẹ lára rẹ̀, dráífà ìyẹn kì í sì í pe regulator_set_load, kernel á máa ka ẹrù rẹ̀ sí òdo. Bí káàdì bá kúrò lórí ìlà, àpapọ̀ ẹrù lè wálẹ̀, kí LDO lọ sinmi lórí ṣíìpù tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo fi initial-mode rẹ̀ sí ipò tó ga, kó wà bẹ́ẹ̀ títí dráífà ọ̀hún yóò fi máa béèrè tirẹ̀.