Kí ẹ tó sanwó àgọ́ olówó ńlá: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ìgbafẹ́ glamping

Glamping ni kí èèyàn lọ sùn sínú àgọ́ láàárín igbó tàbí aṣálẹ̀, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìrọ̀rùn bíi ti hòtẹ́ẹ̀lì. Fọ́tò ló máa ń kọ́kọ́ fa ojú ẹni mọ́ra: bẹ́ẹ̀dì ńlá tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sí, kápẹ́ẹ̀tì lórí pákó, àga méjì lẹ́nu ọ̀nà, òkè gíga níwájú, kò sì sí ilé mìíràn nítòsí. Ohun tí fọ́tò kì í fi hàn ni pé aṣọ ni ògiri yẹn. Atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ wọlé, ariwo ń gba inú rẹ̀ wọlé, òtútù òru náà kò sì ní kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Mo fẹ́ràn irú ìgbafẹ́ yìí gan-an, mo sì gbà pé ó tó owó tí wọ́n ń gbà lé e lórí. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń dùn mí bí èèyàn bá náwó ńlá tán, tó wá fi ìbínú padà sílé nítorí ohun tí ì bá ti yẹ̀ sílẹ̀ kó tó gbéra. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ yìí, ibì kan náà ni wọ́n ti ń wá: bẹ́ẹ̀dì rírọ̀ á mú kí èèyàn gbàgbé pé inú igbó lòun wà.

Ẹ má jẹ́ kí fọ́tò bá yín yan oṣù

Bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á rí ibi tó wù wọ́n, wọ́n á wo ìgbà tí ìsinmi wọn bọ́ sí, wọ́n á sì sanwó. Ilẹ̀ kò mọ ọjọ́ ìsinmi ẹnikẹ́ni. Ẹ wo ọgbà ẹranko Serengeti ní Tàǹsáníà àti Maasai Mara ní Kẹ́ńyà. Àwọn wildebeest, ẹranko oníwo tó jọ màlúù, tó lé ní mílíọ̀nù kan ló ń yí ká ilẹ̀ méjèèjì lọ́dọọdún, tí wọ́n ń tẹ̀lé òjò àti koríko tútù. Láti nǹkan bí oṣù Kìíní sí oṣù Kẹta, ìhà gúúsù Serengeti ni wọ́n máa ń wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bímọ. Odò Mara, níbi tí gbogbo ayé ti ń fẹ́ wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń bẹ́ sómi láàárín ọ̀nì, ó di oṣù Keje sí oṣù Kẹwàá. Ẹni tó bá sanwó àgọ́ etí odò yẹn fún oṣù Kejì nítorí fídíò tó wò, omi lásán ni yóò máa wò. Ní oṣù Kẹrin àti Kàrún, òjò ńlá á dé, ọ̀nà á di ẹrẹ̀, àwọn àgọ́ kan kì í tilẹ̀ ṣí. Owó máa ń wálẹ̀ lásìkò yẹn, ewéko á sì tutù yọ̀yọ̀, nítorí náà ó lè dára fún ẹni tó mọ ohun tó ń rà. Ẹni tí kò béèrè ló máa ń ká lára.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí pẹ̀lú àwọn yàrá onígíláàsì ní Lapland, ní ìhà àríwá Fínláńdì, níbi tí èèyàn ti lè dùbúlẹ̀ kó máa wo ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tó ń jó lójú ọ̀run. Òkùnkùn ni ìmọ́lẹ̀ yẹn ń fẹ́. Nígbà tí oṣù Kẹfà bá dé, oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, kò sì sí nǹkan kan tí èèyàn máa rí. Ìparí oṣù Kẹjọ títí di oṣù Kẹrin ni àsìkò rẹ̀, àní nígbà náà pàápàá, bí sánmà bá ṣú, gíláàsì kò lè là á. Ní ti àwọn tó ń lọ sí aṣálẹ̀ Namib tàbí Atacama nítorí ìràwọ̀, kí wọ́n wo òṣùpá kí wọ́n tó yan ọjọ́. Òṣùpá àrànmọ́jú dùn ún wò, ṣùgbọ́n ó máa ń pa ìràwọ̀ kéékèèké rẹ́ lójú ọ̀run. Ìgbà tí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ló dára jù.

Òtútù, àti èédú tó ń pani lójú oorun

Nítorí oòrùn ọ̀sán, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan ni ọ̀pọ̀ ń kó lọ sí aṣálẹ̀. Ní Wadi Rum ní Jọ́dánì, òru ìgbà òtútù lè sún mọ́ òdo lórí ìwọ̀n Celsius. Atẹ́gùn ibẹ̀ gbẹ, kò sí ìkùukùu tó máa bo ooru mọ́lẹ̀, nítorí náà kété tí oòrùn bá ti wọ̀ ni iyanrìn á bẹ̀rẹ̀ sí í tú gbogbo ooru tó gbà lọ́sàn-án sílẹ̀. Orí òkè náà ní tirẹ̀: bí èèyàn bá ṣe ń fi 1,000 mítà gòkè ni òtútù máa ń fi nǹkan bí ìwọ̀n 6.5 pọ̀ sí i. Bí ẹ bá wo ojú ọjọ́ ìlú tó wà nísàlẹ̀, tí àgọ́ yín sì fi 2,000 mítà ga ju ìlú náà lọ, ẹ yọ 13 kúrò nínú ohun tí ẹ rí kí ẹ tó di ẹrù.

Òtútù yìí ló ń bí àṣìṣe tó burú jù lọ nínú gbogbo wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ibí yìí dáadáa. Ẹ ti fi èédú yan ẹran níta lálẹ́, ẹ ti jẹun tán, iná ti rọlẹ̀, eérú funfun ti bo èédú. Ó dà bíi pé ó ti kú. Atẹ́gùn ń fẹ́, ọmọ ń gbọ̀n, ẹnì kan á ní kí wọ́n gbé e wọlé kó mú àgọ́ gbóná díẹ̀, wọ́n á sì fa síìpù pa. Èédú tó dà bíi pé ó ti kú yẹn ṣì ń tú carbon monoxide jáde fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Afẹ́fẹ́ yìí kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ojú bí èéfín. Ọ̀nà ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀ ló máa ń gbà mọ́ ọn lọ́wọ́, torí ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 200. Orí fífọ́, èébì tó ń gbé èèyàn, òòyì àti oorun ni àmì rẹ̀, àárẹ̀ ìrìn-àjò sì ni gbogbo èèyàn máa ń pè é. Ẹni tó bá sùn lọ lè má jí mọ́. Kò sí bí àgọ́ ṣe lè tóbi tó, kò sí bí èédú ṣe lè kéré tó: kò gbọdọ̀ wọlé. Sítóòfù gáàsì tí wọ́n fi ń dáná náà kò gbọdọ̀ wọlé.

Sítóòfù onígi tí wọ́n kọ́ mọ́ inú àgọ́, tó ní páìpù tó ń gbé èéfín gba òrùlé jáde, yàtọ̀ sí ìyẹn. Irú rẹ̀ ló wà nínú ger àwọn darandaran Mòǹgólíà, àgọ́ roboto tí wọ́n fi irun àgùntàn tó nípọn bò, tó sì ní ihò lókè fún páìpù. Bí irú rẹ̀ bá wà nínú àgọ́ yín, ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn yín, ẹ má fi aṣọ dí ojú ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, ẹ má sì sá aṣọ tútù sí ara páìpù. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó máa ń ké bí carbon monoxide bá ti ń pọ̀ nínú yàrá. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ní in. Èmi á ní kí ẹ tiẹ̀ ra tiyín, nítorí kò gba àyè nínú báàgì.

Oúnjẹ nínú àgọ́, àti rírìn lóru

Bísíkíìtì tí wọ́n tọ́jú sábẹ́ ìrọ̀rí fún ọmọ ti tó láti pe àlejò tí ẹ kò fẹ́. Ọ̀bọ mọ síìpù ṣí. Ní àwọn ibi tí béárì wà, bíi Yosemite ní Amẹ́ríkà, òfin ni pé kí oúnjẹ wà nínú àpótí irin tí wọ́n pèsè, kì í sì í ṣe oúnjẹ nìkan: ọṣẹ ìfọyín, ìpara àti ohunkóhun tó bá ń ta sánsán, inú àpótí yẹn náà ni. Béárì tó bá ti tọ́ oúnjẹ èèyàn wò lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ sì máa ń jẹ́ pé wọ́n á pa á. Ní Yellowstone, ọgbà mìíràn ní Amẹ́ríkà, èèyàn gbọ́dọ̀ jìnnà sí béárì àti ìkookò tó 91 mítà, kó sì fi 23 mítà jìnnà sí àwọn ẹranko yòókù, títí kan ẹfọ̀n ńlá tí àwọn àlejò máa ń rò pé màlúù lásán ni.

Ní ọ̀pọ̀ àgọ́ Áfíríkà tó wà nínú ọgbà ẹranko, kò sí ọgbà yí ibẹ̀ ká. Wọ́n á sọ fún yín pé kí ẹ má dá rìn lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ṣú, kí ẹ pe ọlọ́dẹ kó wá sìn yín láti àgọ́ lọ síbi oúnjẹ. Àwọn kan á wo ọ̀nà náà lọ́sàn-án, wọ́n á ní kò jù ìṣísẹ̀ mélòó kan lọ. Àlejò lójú, kò fi ríran. Erinmi máa ń jáde kúrò nínú omi lóru láti jẹko, ẹni tó bá sì bọ́ sí àárín rẹ̀ àti omi ti wọ ewu ńlá, nítorí ó ń sáré ju èèyàn lọ. Bí ẹ bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ tàbí koríko tó ń ya lẹ́bàá àgọ́, ẹ má ṣí síìpù láti wò ó. Ẹ dúró sínú. Fèrè tàbí rédíò tí wọ́n kó fún yín, ìgbà pàjáwìrì ló wà fún.

Ẹrù àti iná

Ọkọ̀ òfurufú kékeré ló ń gbé èèyàn lọ sí ọ̀pọ̀ àgọ́ tó jìnnà. Kílò 15 ni wọ́n sábà máa ń gbà ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, 20 ní Okavango ní Bòtìswánà, báàgì rírọ̀ ló sì gbọ́dọ̀ jẹ́, nítorí àpótí líle kì í wọ inú àyè ẹrù wọn. Ẹni tó bá gbé àpótí ńlá dé pápákọ̀ á fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má kó ọ̀rá náílọ́ọ̀nù: Kẹ́ńyà ti fòfin de àpò ọ̀rá láti 2017, Tàǹsáníà láti 2019. Aṣọ búlúù àti dúdú máa ń fa eṣinṣin tsetse, ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi jẹ́ pé aṣọ aláwọ̀ méjèèjì yẹn ni wọ́n fi ń ṣe pańpẹ́ rẹ̀.

Sólà ló ń gbé iná ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgọ́ yìí. Yóò gba fóònù àti gílóòbù, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun lè fa 1,200 wáàtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni áyọ́ọ̀nù. Tí ẹ bá ki í bọ iná, gbogbo àgọ́ lè ṣókùnkùn. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ìmí lójú oorun gbọ́dọ̀ sọ fún wọn kó tó sanwó, kó má dúró dìgbà tó bá débẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń sọ ìyẹn fún wọn, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè tí ìtìjú máa ń pa mọ́ èèyàn lẹ́nu. Ṣé inú àgọ́ ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, àbí èèyàn á jáde lọ bá a? Ibo ni ilé ìwòsàn tó sún mọ́ jù? Ṣé ojú odò gbígbẹ ni wọ́n pa àgọ́ sí? Ní aṣálẹ̀, òjò tó rọ̀ níbi tí ẹ kò rí lè di ìkún omi ní ojú odò gbígbẹ kí ẹ tó mọ̀.

Ilẹ̀ tó gbà yín lálejò

Ní ọgbà Torres del Paine, ní gúúsù Ṣílè, sítóòfù kékeré arìnrìn-àjò kan ló dá iná sílẹ̀ ní 2005, ó jó nǹkan bí 15,000 hẹ́kítà. Ní ìparí 2011, iná mìíràn bẹ́, wọ́n fẹ̀sùn kan àlejò kan pé bébà ìnùdí tó dáná sun ni, ó sì jó tó 17,000 hẹ́kítà. Atẹ́gùn ibẹ̀ le débi pé apá kì í ká iná tó bá ti mú. Lónìí, kò sí ẹni tí wọ́n ń gbà láyè láti dá iná síta níbẹ̀. Nítorí náà, bí òṣìṣẹ́ àgọ́ bá ní kò sí iná lálẹ́ yìí, ẹ má bá a jiyàn pé ẹ ti sanwó. Dúróònù náà kò yẹ ní ibi tí ẹranko wà. Wọ́n ti fòfin dè é ní àwọn ọgbà ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà láti 2014.

Àṣìṣe kan ṣẹ́kù tí kò léwu, ṣùgbọ́n òun ló ń fi owó ṣòfò jù: kí èèyàn sùn níbẹ̀ lálẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ dé lálẹ́ pẹ̀lú àárẹ̀, gbogbo ìró tó bá ti ta létí á jí yín, nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ẹrù lẹ tún ń dì. Alẹ́ kejì ni ara máa ń mọ ibẹ̀. Bí owó kò bá tó alẹ́ méjì níbi tó wọ́n jù, ẹ mú ibi tí owó rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì sùn níbẹ̀ lálẹ́ mẹ́ta.