Bí mo ṣe pọn ọtí ọkà tó fúyẹ́ nígbà ooru

Ìtokò, l'Abẹ́òkúta, ni ilé wa wà, lẹ́bàá àpáta. Tó bá ti di oṣù kẹta, òkúta tó ti gba oòrùn láti àárọ̀ á máa tú ooru sílẹ̀ títí di òru. Nírú àsìkò yẹn, mo fẹ́ ọtí tó fúyẹ́, tó kan díẹ̀, téèyàn lè mu ife méjì lẹ́yìn iṣẹ́ kí ojú rẹ̀ ṣì dá ṣáká.

Làgà, irú bíà tí wọ́n ń pọn nínú òtútù, ni mo kọ́kọ́ rò. Àmọ́ íìsì làgà, ìyẹn ohun tó ń mú ọtí hó, ń fẹ́ òtútù bíi 8 sí 13°C fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iná wa kò sì ṣe é fọkàn tán tó bẹ́ẹ̀. Mo tún ro ti saison, ọtí àwọn àgbẹ̀ Belgium, tí wọ́n máa ń pọn kalẹ̀ láyé àtijọ́ de àwọn òṣìṣẹ́ oko nígbà ooru. Íìsì tirẹ̀ fẹ́ràn ooru. Ìyẹn ló là mí lójú: ọtí tó bá ooru ìlú ẹni mu ló yẹ kéèyàn pọn. Àwa náà sì ní tiwa, ọtí ọkà, tí a ń fi ọkà bàbà pọn. Ọkà bàbà yìí náà làwọn iléeṣẹ́ bíà Nàìjíríà yíjú sí nígbà tí ìjọba fòfin de kíkó ọkà bálì wọlé ní 1988.

Mo lọ ra ọkà bàbà lọ́jà Láfẹ́nwá. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé wọn ò tíì fi oògùn kòkòrò sí i?” Ìyá náà ní rárá, mo ra kóńgò kan ààbọ̀, funfun, nítorí ọtí ti pupa máa ń ki jù fún ohun tí mò ń wá.

Mo rẹ ẹ́ fún ọjọ́ kan, mo dà á sórí àpò ìdọ̀họ, mo ń wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin ó ti hù dáadáa. Mo sá a gbẹ, mo sì fọwọ́ ra gbogbo ẹ̀hù àti gbòǹgbò rẹ̀ dànù. Ẹ má fojú kéré èyí: májèlé wà nínú ẹ̀hù ọkà bàbà. Lẹ́yìn náà mo ní kí onímíìlì lọ̀ ọ́, kó má kúnná jù.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí. Mo po ìyẹ̀fun náà mọ́ omi tútù, mo dúró kó silẹ̀, mo wá rọra bu omi tó tòrò lókè pamọ́. Omi yẹn ló ní agbára tó ń sọ ọkà di dídùn, iná gbígbóná a sì máa pa agbára náà. Èyí tó kù nísàlẹ̀ ni mo sè bí ẹ̀kọ fún ìṣẹ́jú 45. Nígbà tó rọlẹ̀ tí kò hó mọ́, mo da omi tó tòrò padà sí i, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ìkòkò. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ohun tó rí bí ẹ̀kọ ti ṣàn bí omi, ó sì ń dùn lẹ́nu bí oyin. Mo fi í sílẹ̀ mọ́jú kó lè kan, mo sẹ́ ẹ, mo sè é fún wákàtí kan.

Ewéko hop tó ń mú bíà korò kò sí lọ́jà wa, torí náà orógbó mẹ́ta ni mo gún sí i. Ó kù díẹ̀ kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo ju ewé tíì sí i.

Nígbà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì lítà 10, mo bu íìsì oníbúrẹ́dì ìdajì ṣíbí kékeré sí i, mo gbé kẹ́ẹ̀gì sínú agbada omi, mo sì fi aṣọ tútù wé e. Ọgbọ́n àmù ni: bí omi ṣe ń gbẹ lára aṣọ, bẹ́ẹ̀ ló ń mú inú rẹ̀ tutù. N kò dé ìdérí pa.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi hó. Lọ́dún tó kọjá mo dé ìgò pa lẹ́yìn ọjọ́ kan péré, ọ̀kan sì bẹ́ nínú ilé ìdáná. Lọ́tẹ̀ yìí ìgò oníke ni mo rọ ọ́ sí. Bí mo bá tẹ ìgò náà tó ti le, afẹ́fẹ́ ti kún inú rẹ̀ nìyẹn, inú yìnyín ló ń lọ.

Mo ti bu gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì sínú ìgò kan nínú fíríìjì. Òun ni íìsì tí màá fi pọn èyí tó kàn.