Ẹ yé fowó ṣòfò lórí Shigella: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ní láàbù

Ìjẹ̀ṣà ni mí, ọmọ Òṣómàáló. Bí owó bá ń ṣòfò lójú mi, ara mi kì í gbà á, kódà kó má jẹ́ owó mi. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí láàbù káàkiri Iléṣà, ẹ̀yin ni mo ń bá wí nípa Shigella, kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ ọ̀rìn.

1. Ẹ má gba ìgbẹ́ àná. Shigella kì í pẹ́ kú níta. Kó tó pé wákàtí 2, ó yẹ kó ti dórí àwo tí a fi ń gbin kòkòrò. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú Cary-Blair, èròjà tí kì í jẹ́ kí kòkòrò tètè kú. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ àti ikun wà ni kí ẹ ti mú un.

2. Ẹ bi aláìsàn bóyá ó ti lo oògùn kẹ́mísì. Ọ̀fẹ́ ni ìbéèrè.

3. Antisera, omi tó ń mú kí kòkòrò tó bá bá a mu ṣù pọ̀. Háà! Ìgò kékeré yìí wọ́n ju gbogbo túùbù àyẹ̀wò tí ẹ ń sá fún lọ, síbẹ̀ òun lẹ kọ́kọ́ ń ṣí. Àbúrò kan nítòsí ọjà Àtakúnmọ̀sà fi owó àjọ ra tirẹ̀, ló bá pè mí: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ wá wò ó, Shigella rèé, ó ti ṣù!" Mo débẹ̀. Orí àwo MacConkey ló ti ṣà á, torí pé kò pọ́n, Shigella náà kì í pọ́n níbẹ̀. Mo ní, "Túùbù TSI tó ń fi irú kòkòrò hàn ńkọ́?" Ó gbójú sókè àjà. Mo ní kó fi omi iyọ̀ lásán po ó lórí gíláàsì. Ó tún ṣù! Ohun tó ń ṣù nínú omi iyọ̀, kí ni antisera fẹ́ sọ nípa rẹ̀? A fi sínú túùbù urea, tó máa ń di píǹkì bí kòkòrò bá fọ́ urea. Mo lọ jẹ iyán, oorun àgbà gbé mi lọ lórí àga. Kí n tó jí, túùbù ti di píǹkì. Proteus ni, kòkòrò mìíràn.

Shigella kì í fọ́ urea, kì í rìn. Nínú TSI, orí á pupa, ìdí á di yẹ́lò, kò ní dúdú, gáàsì náà ṣọ̀wọ́n. Ìgbà tí ẹ bá rí èyí ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìgò. Bó bá kọ̀ tí kò ṣù, ẹ sè é nínú omi híhó, kí ẹ tún un dán wò. Ìbora ara rẹ̀ lè máa dí antisera lọ́wọ́.

Widal, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún tífọ́ìdì, kọ́ ni wọ́n fi ń wá ìgbẹ́ ọ̀rìn. Ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ má sì gbójú lé àwo SS agar nìkan. Irú kìíní ti Shigella dysenteriae, èyí tí Kiyoshi Shiga rí ní Japan ní 1897, kì í sábà hù dáadáa lórí rẹ̀. Ẹ fi àwo XLD tì í. MALDI-TOF, ẹ̀rọ olówó ńlá tó ń dá kòkòrò mọ̀, pàápàá máa ń pe Shigella ní E. coli, ìbátan rẹ̀, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ dẹ́rù bà yín.

Ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì nídìí bẹ́ǹṣì ńkọ́? Kòkòrò bíi 10 sí 100 péré ti tó gbé e dè.