Bí owó ẹ̀gbọ́n mi tó sìn nínú ológun Amẹ́ríkà ṣe jáde

Ẹ̀gbọ́n mi jagun fún Amẹ́ríkà ní Iraq. Lẹ́yìn tó kúrò nínú iṣẹ́ ológun ni dókítà sọ pé ikọ́ fée, ìyẹn ásímà, ló ń bá a jà. Ó béèrè owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ VA, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ní kò sí ẹ̀rí pé ibi iṣẹ́ ló ti kó o. Ìyẹn dùn mí gan-an, torí kòtò tí wọ́n ti ń sun pàǹtí wà lẹ́bàá ibi tí wọ́n ń sùn, wọ́n sì ń fa èéfín ike àti epo símú.

PACT Act, òfin fún àwọn ológun tí èéfín àti nǹkan olóró ṣe lára, tí Ààrẹ Biden fọwọ́ sí ní August 10, 2022, ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó sìn ní Iraq, tí wọ́n wá rí ásímà lára rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, kò ní láti fi ẹ̀rí hàn mọ́ pé èéfín ló fà á.

Nítorí pé wọ́n ti kọ̀ fún un ṣáájú òfin yìí, fọ́ọ̀mù Supplemental Claim, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń ní kí wọ́n tún ẹjọ́ tí wọ́n ti kọ̀ yẹ̀ wò, VA Form 20-0995, la kọ. A fi ìwé dókítà àti DD-214 rẹ̀, ìwé tó fi hàn pé ó sin ìjọba nínú ológun, tì í. DD-214 tó ní tẹ́lẹ̀ ti sọnù. National Archives, ibi tí ìjọba Amẹ́ríkà ń kó àwọn ìwé àkọsílẹ̀ pa mọ́ sí, la ti béèrè òmíràn, ọ̀fẹ́ sì ni. Aṣojú àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì, tí ìjọba fọwọ́ sí, bá wa yẹ gbogbo rẹ̀ wò láìgba kọ́bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni nítorí èyí.

Wọ́n ti fọwọ́ sí i. Owó ń wọlé lóṣooṣù, ó sì ń rí oògùn rẹ̀ gbà.