Bí mo ṣe wá ohun tó ń mú sítíárìn ọkọ̀ mi gbọ̀n rí

Corolla mi kì í gbọ̀n nígboro Ìbàdàn. Àfi tí mo bá bọ́ sí márosẹ̀ Èkó, tí eré dé nǹkan bí 90 kìlómítà ní wákàtí, ni sítíárìn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n mọ́ mi lọ́wọ́. Àwọn kan ní kí n lọ pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì. Ṣọ́ọ̀kì kì í ṣe ọjà kékeré, mi ò sì fẹ́ ra ohun tí ọkọ̀ ò béèrè.

Ìgbà tó ń gbọ̀n ni mo kọ́kọ́ fi ń wá a. Tó bá jẹ́ pé ìgbà téèyàn bá tẹ bíréèkì nìkan ni, ara dísìkì ni kí a lọ wò. Tó bá jẹ́ ìgbà téèyàn bá tẹ tọ́tù, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ṣáàfù, irin tó ń yí táyà. Eré nìkan ni tèmi ń bá lọ, mo sì fura sí báláǹsì táyà.

Mo fi òkúta há táyà ẹ̀yìn, mo fi jáàkì gbé iwájú. Mo di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, mo mì ín: kò yẹ̀. Èyí fi mí lọ́kàn balẹ̀ nípa bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì àti bíárìn. Àmọ́ lára rìímù ọ̀tún, mo rí ojú ibi tí òjé báláǹsì, ìyẹn irin kékeré tó ń mú kí táyà wúwo dọ́gba yíká, ti já bọ́. Ibẹ̀ mọ́ kedere láàárín eruku bíréèkì tó dì mọ́ ìyókù.

Kó lè dá mi lójú, mo gbé táyà iwájú sẹ́yìn, mo gbé tẹ̀yìn síwájú, mo tún jáde sí márosẹ̀. Sítíárìn dákẹ́. Àga tí mo jókòó lé ló wá ń gbọ̀n! Inú mi dùn gan-an, torí ọ̀rọ̀ ti já síbi táyà.

Ó ku kí n lọ fi òjé tuntun sí i, ṣùgbọ́n mo wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn DOT, àmì tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà náà: 1215. Ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ kejìlá ọdún 2015 ni wọ́n ṣe é. Fọganáísà ní, "Ọ̀gá, ojú rẹ̀ ò tíì jẹ, ẹ ṣì lè lò ó." Lóòótọ́, ojú ò tíì jẹ, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti là bí àtẹ́lẹsẹ̀ tí ọyẹ́ mú. Irú táyà bẹ́ẹ̀ lè bẹ́ lórí eré, ẹ̀mí èèyàn ló sì wà nínú ọkọ̀. Èkejì rẹ̀ náà ò sàn jù ú lọ. Mo sọ fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi yọ méjèèjì." Mo ra tuntun, kì í ṣe tòkunbọ̀, wọ́n sì fi ẹ̀rọ báláǹsì wọn kí wọ́n tó dè wọ́n.

Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Wọ́n fẹ́ fa 40 PSI (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́) sí i. Mo ṣí ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà, mo fi ìwé tó lẹ̀ mọ́ òpó ibẹ̀ hàn wọ́n: 32 ni. Tí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù, àárín táyà ló ń jẹ. Tó bá kéré jù, etí méjèèjì ni. Òwúrọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn, tí táyà ṣì tutù, ni mo máa ń wọ̀n ọ́n.

Lẹ́yìn tí mo rin nǹkan bí 100 kìlómítà, mo tún fi sípánà fún gbogbo nọ́ọ̀tì táyà, mò ń fò láti ọ̀kan sí èyí tó kọjú sí i, torí nọ́ọ̀tì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dè lè dẹ̀ díẹ̀.